Ìgbéga Ìwé Ẹ̀rí Sáfà: Láti MCSE Àtijọ́ dé Azure, àti Bó Ṣe Rí ní Alímọ̀ṣọ́

Ìgbéga ìwé ẹ̀rí sáfà ni ètò tí ilé-iṣẹ́ Microsoft gbé kalẹ̀ kí ẹni tó ti yege lórí sáfà àtijọ́ lè gba ìwé ẹ̀rí ti sáfà tuntun láì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ì bá jókòó fún ìdánwò mẹ́ta, mẹ́rin tàbí méje á ṣe ẹyọ kan tàbí méjì péré, wọn á sì ka iṣẹ́ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ sí i lọ́rùn. Ètò yìí ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ogún ọdún, ó sì parí ní 31 Oṣù Kìn-ín-ní 2021, lọ́jọ́ tí àwọn ìwé ẹ̀rí tí à ń pè ní MCSA àti MCSE kógbá wọlé. Ìwé ẹ̀rí tó rọ́pò wọn kì í lò ju ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tún un ṣe.

Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọ́fíìsì ń gbọ́ tirẹ̀. Òun ló mọ òṣìṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé, òun ló ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ gbogbo, òun náà ló ń tọ́jú fáìlì tí ẹni púpọ̀ jọ ń lò. Bí ó bá kú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ọ́fíìsì á jókòó sójú kan. Ìdí nìyẹn tí agbanisíṣẹ́ fi máa ń béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ ohun tó ń ṣe.

Alímọ̀ṣọ́ ni ìjọba ìbílẹ̀ tí èrò pọ̀ sí jù lọ ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé 1,277,714 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, iye tí àwọn kà jẹ́ 2,047,026. Ní ọdún 2003 ni wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́fà, tí Ìkọ̀tún-Ìgàndo, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù àti Ayọ̀bọ́-Ìpájà wà lára wọn. Ilé gbígbé ló kún ibẹ̀. Báńkì ńlá, ilé-iṣẹ́ epo, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, ibi gbogbo tí yàrá sáfà gidi wà, Màríínà ni, Victoria Island ni, Ìkòyí ni, tàbí Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó ń tọ́jú sáfà wọ̀nyẹn lọ́sàn-án, Ẹgbẹ́dá, Ìdímù tàbí Ìgàndo ló ń sùn lálẹ́. Á ti jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó padà dé Ìyànà Ìpájà. Àkókò tó máa fi kàwé fún ìdánwò, inú ọkọ̀ ló ti máa rí i, tàbí ọ̀gànjọ́ òru. Kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ìgbéga ìwé ẹ̀rí ní Alímọ̀ṣọ́ ká yọ èyí sílẹ̀, torí pé ètò tó dín ìdánwò méje kù sí méjì dá oṣù púpọ̀ padà fún ẹni tí kò ní wákàtí púpọ̀ lọ́wọ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdún 1992 ni Microsoft bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìwé ẹ̀rí. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni MCSE, ìwé ẹ̀rí ẹni tó lè ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé-iṣẹ́ láti ìpilẹ̀ dé òrùlé. Nígbà tí sáfà Windows NT 4.0 lòde, ìdánwò mẹ́fà ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tó di ti Windows 2000 àti Windows Server 2003, ó di méje. Àbúrò rẹ̀, MCSA, wà fún ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ẹlòmíràn ti ṣètò sílẹ̀, ìdánwò mẹ́rin sì ni tirẹ̀ nígbà ti 2003.

Ní Nàìjíríà, ọdún 2000 ni Microsoft ṣí ọ́fíìsì sí Èkó. Láàárín ìgbà yẹn náà ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà láti ilẹ̀ Íńdíà, NIIT àti Aptech, wọlé, tí pátákó wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí hàn kiri ìgboro. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké tẹ̀ lé wọn. Ní àwọn àdúgbò bíi Ìkọ̀tún àti Àkówónjo, yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ mélòó kan àti jẹnẹrétọ̀ kan ti tó fún olùkọ́ láti máa kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ohun tó sọ ìwé ẹ̀rí yìí di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń lé kiri ni ọ̀rọ̀ báńkì. Ní Oṣù Keje 2004, Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ kéde pé báńkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní owó ìdókòwò tó tó bílíọ̀nù 25 náírà kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí eruku máa fi rọlẹ̀, 25 ló kù. Ìròyìn nípa owó àti àwọn tó pàdánù iṣẹ́ pọ̀ nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba èèyàn ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá sáfà. Báńkì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó di ọ̀kan ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orúkọ òṣìṣẹ́ lóríṣiríṣi, sáfà NT 4.0 níbí, Windows 2000 lọ́hùn-ún. Ẹnìkan ní láti so wọ́n pọ̀ láì jẹ́ kí ẹ̀ka kankan ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà. Ẹni tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn rọrùn láti mọ̀ lórí ìwé: ó ní MCSE.

Ó yẹ ká sọ ọ́ níbí pé ìwé ẹ̀rí Microsoft kì í ṣe ìwé àṣẹ ìjọba. Òfin tó dá àjọ CPN, tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ti wà láti ọdún 1993, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà fúnra wọn sì ti wà láti 1978. Ìwé ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ kan kò rọ́pò ti CPN, ti CPN náà kò sì rọ́pò rẹ̀.

Àwọn ìdánwò ìgbéga

Ìdánwò ìgbéga àkọ́kọ́ tó lókìkí ni èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 70-240. Windows 2000 ti jáde, ó sì gbé Active Directory wá, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ ńlá tí sáfà ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́, kọ̀ǹpútà àti ẹ̀tọ́ oníkálukú sí. Ohun tuntun ni lójú ẹni tó kọ́ NT 4.0. Microsoft pe àwọn tó ti ní ìwé ẹ̀rí NT 4.0 láti wá ṣe ìdánwò kan ṣoṣo tó kó mẹ́rin pọ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ènìyàn lè jókòó fún un. Ẹni tó bá kùnà, ó di dandan kó san owó ìdánwò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó sì ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ti kọ́kọ́ ní ìwé ẹ̀rí NT 4.0 yóò kú ní ìparí ọdún 2001. Inú bí àwọn tó ti náwó nára lé e lórí gan-an, nígbà tó sì di Oṣù Kẹwàá 2001, Microsoft yí ọ̀rọ̀ náà padà: ìwé ẹ̀rí àtijọ́ kò ní kú mọ́, yóò kàn máa jẹ́ orúkọ sáfà tó tọ́ka sí. Ìlànà yìí ló wà títí di ọdún 2012. Ẹni tó ní MCSE ti 2003 ní Ìgàndo lónìí ṣì ní in. Ohun tí ìwé náà ń sọ ni pé ó mọ Windows Server 2003, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí sáfà 2003 dé, ìdánwò 70-292 àti 70-296 ni wọ́n fi gbé àwọn ará 2000 kọjá. Nígbà tí 2008 dé, 70-648 wà fún MCSA ti 2003, 70-649 sì wà fún MCSE. Àsìkò yìí ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí dojú rú. Microsoft pa MCSE tì, ó mú MCTS àti MCITP wá, àwọn agbanisíṣẹ́ kò sì mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Ìpolówó iṣẹ́ nínú ìwé ìròyìn Èkó ṣì ń béèrè MCSE nígbà tí kò sí ìdánwò MCSE kankan lórí sáfà tuntun mọ́. Àṣìṣe ńlá ni ìyípadà orúkọ yẹn, Microsoft alára sì fi ìṣe gbà bẹ́ẹ̀, torí pé ní Oṣù Kẹrin 2012, ó dá àwọn lẹ́tà àtijọ́ padà.

Lẹ́tà náà padà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò padà. MCSA ti 2012 ni ìpìlẹ̀, ìdánwò mẹ́ta ló ní, 70-410, 70-411 àti 70-412. MCSE dúró lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò méjì sí i, 70-413 àti 70-414, ó sì ti di ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tún ṣe ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tó ti ní MCSA ti 2008, tàbí MCITP tó bá a dọ́gba, lè fò kọjá ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nípa ṣíṣe ẹyọ kan, 70-417.

Èyí ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ sáfà ní Èkó máa ń rántí nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéga bá délẹ̀. Apá mẹ́ta ló ní, apá kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdánwò kan nínú mẹ́ta tó rọ́pò. Máàkì 700 ni òdiwọ̀n, ẹni tó bá sì gba máàkì rẹpẹtẹ nínú apá méjì tó wá já ní ẹ̀kẹta, ó ti já nìyẹn. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí 2003 nìkan kò lè ṣe é. Ó ní láti kọ́kọ́ gun ti 2008, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ láti 70-410 bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó sùn lórí MCSE ti 2003 fún ọdún mẹ́jọ ló bá ara wọn níbi tí ọ̀nà méjì ti wà láàárín wọn àti sáfà tuntun. Nígbà tó di Oṣù Kìn-ín-ní 2014, Microsoft tún fi ohun tó wà nínú 2012 R2 kún ìbéèrè, ẹni tó ń ka ìwé ọdún 2012 sì bá ohun tí kò rí rí pàdé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ohun tó yí padà nínú ẹ̀rọ náà

Àpẹẹrẹ kan á jẹ́ ká rí ìdí tí ìgbéga fi nílò iṣẹ́ ọwọ́. Láti Windows 2000 títí dé 2008 R2, ẹni tó bá fẹ́ sọ sáfà di olórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, dcpromo, á sì máa dáhùn ìbéèrè títí yóò fi parí. Ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ ti mọ́ ọn débi pé wọ́n lè fi ojú dídì ṣe é. Ní Windows Server 2012, bí wọ́n bá tẹ dcpromo, àpótí kékeré kan ló máa jáde tí yóò sọ fún wọn pé iṣẹ́ náà ti kó lọ sí Server Manager. Iṣẹ́ ti di ìpele méjì: kọ́kọ́ fi ipa iṣẹ́ náà sórí sáfà, lẹ́yìn náà gbé e sípò olórí. Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é kíákíá á lo PowerShell, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún sáfà, á kọ Install-ADDSForest pẹ̀lú orúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀. Bọ́tìnì Start tí gbogbo ayé mọ̀ pàápàá kò sí lójú 2012, ìgbà tí R2 dé ni wọ́n dá a padà.

Kò sí ẹni tó lè fi àkàgbádùn kọ́ èyí, àfi kó fọwọ́ kàn án. Microsoft fún wa láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀: sáfà ìdánrawò wà lórí ìkànnì rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ọjọ́ 180 ló sì ń lò. Ohun tó kù ni kọ̀ǹpútà tó lágbára díẹ̀. Láǹtòpù tòkunbọ̀ láti Computer Village, bí wọ́n bá fi kún mẹ́mọ́rì rẹ̀, lè gbé sáfà méjì àti kọ̀ǹpútà oníbàárà kan nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú Hyper-V tàbí VirtualBox. Sáfà kan á jẹ́ olórí, ìkejì á jẹ́ igbákejì, ẹ̀kẹta á jẹ́ kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ wọlé. Ẹ pa olórí lójijì, kí ẹ wò bóyá òṣìṣẹ́ ṣì lè wọlé. Ẹ pa orúkọ kan rẹ́, kí ẹ wá ọ̀nà tí ẹ ó fi dá a padà. Ẹni tó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá rẹ̀ ní Ìdímù ti mọ ohun tí ẹni tó ka ìwé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò mọ̀.

Iná ni ìṣòro. Ẹ̀rọ mẹ́ta nínú láǹtòpù kan ń jẹ bátìrì kíákíá, bí iná bá sì lọ láàárín ìgbà tí Active Directory ń kọ nǹkan sílẹ̀, sáfà ìdánrawò lè bàjẹ́ kó sì di àtúnbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gbọ́n máa ń ya àwòrán ipò sáfà náà pa mọ́, tí wọ́n ń pè ní snapshot, kó tó dáwọ́ lé ohun tuntun. Èyí fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tó máa wúlò fún un níbi iṣẹ́.

Ní ti Computer Village, ọjà tó wà ní Otigba, Ìkẹjà, ó ti pẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sọ pé òun á kó o lọ sí Katangowa, ní Agbado/Òkè-Odò, lára àwọn ọ̀nà mẹ́fà tí wọ́n pín Alímọ̀ṣọ́ sí. Títí di ọdún 2024, Ìkẹjà ni ọjà náà ṣì wà. Bí ó bá dé Katangowa lóòótọ́, àwọn ará Ìpájà àti Ayọ̀bọ́ á rí ẹ̀rọ rà nítòsí ilé.

Dumps, dọ́là àti gbọ̀ngàn ìdánwò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ bò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gba ìwé ẹ̀rí sáfà nípa híhá ìdáhùn tí wọ́n jí gbé, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní dumps. Wọ́n ń tà á lórí fláàṣì, wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn olùkọ́ kan sì ń fi kún owó ẹ̀kọ́. Microsoft lè gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kó sì fòfin dè é kúrò nínú ìdánwò. Ìyà tó tóbi ju ìyẹn lọ ni pé agbanisíṣẹ́ ti gbọ́n. Wọ́n á gbé sáfà tó ti bàjẹ́ síwájú ẹni tó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Ìwé ẹ̀rí tí a há sórí kì í la ibẹ̀ kọjá, ó sì ń ba orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ fún tiwọn jẹ́.

Owó ni ohun kejì. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò ìdánwò. Ní Amẹ́ríkà, 165 dọ́là ni ìdánwò kan ní ìpele yìí, iye rẹ̀ sì máa ń yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2012, dọ́là kan kò tó 170 náírà. Ní 2024, ó ti kọjá 1,500. Ohun tí owó oṣù akọ́ṣẹ́ gbé ní 2012 ti di ohun tí àwọn ẹbí ń dá owó jọ fún. Láàárín ọdún 2022, ọ̀pọ̀ báńkì tún dá káàdì náírà dúró láti máa san owó lókè òkun, àwọn tó ń kọ́ni sì di ẹni tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wá fáúṣà, ìwé tó dúró fún owó ìdánwò.

Pearson VUE ló ń ṣe ìdánwò náà láti ọdún 2015. Ènìyàn lè ṣe é nílé pẹ̀lú kámẹ́rà, àmọ́ yàrá gbọ́dọ̀ ṣófo, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọlé, ìró kò gbọ́dọ̀ pọ̀, íntánẹ́ẹ̀tì kò sì gbọ́dọ̀ já. Ní ilé tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọmọ ń sunkún, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń dún, ìyẹn kò rọrùn. Ọ̀pọ̀ ará Alímọ̀ṣọ́ ló ń yàn láti lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò ní Ìkẹjà, ìmọ̀ràn tó dára sì ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé ìdánimọ̀ gbọ́dọ̀ bá èyí tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ mu. Ọmọ Yorùbá tó fi orúkọ bàbá rẹ̀ ṣe ìdánwò ní 2006 tó sì ń lo orúkọ ọkọ ní 2016, tàbí tó ṣí àkáǹtì pẹ̀lú ímeèlì àtijọ́ tó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, lè ṣe ìdánwò ìgbéga kó yege, síbẹ̀ kí ìwé ẹ̀rí má jáde. Ẹ̀rọ Microsoft kò rí ìwé ẹ̀rí àtijọ́ lábẹ́ orúkọ tuntun, nítorí náà kò mọ ohun tó fẹ́ gbé ga. Àwọn tó mọ̀ máa ń kọ̀wé sí Microsoft kí wọ́n da àkáǹtì méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó sanwó.

Ìdí tí sáfà àtijọ́ kò fi lè pẹ́

Sáfà kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí Microsoft máa dẹ́kun àtúnṣe rẹ̀. Ti 2003 jẹ́ 14 Oṣù Keje 2015, ti 2008 jẹ́ 14 Oṣù Kìn-ín-ní 2020, ti 2012 sì jẹ́ 10 Oṣù Kẹwàá 2023. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ihò tí ọ̀daràn bá rí á wà ní ṣíṣí. Ní 12 Oṣù Karùn-ún 2017, kòkòrò WannaCry gba irú ihò bẹ́ẹ̀ wọlé káàkiri ayé, ó ti fáìlì àwọn ènìyàn pa, ó ní kí wọ́n san owó. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Britain wà lára àwọn tó fara gbá jù. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft ṣe àtúnṣe fún Windows Server 2003 tó ti pa tì ní ọdún méjì sẹ́yìn. Láti Oṣù Kẹfà 2023 tí òfin ààbò ìsọfúnni ti dé ní Nàìjíríà, ilé-iṣẹ́ tó bá fi ìsọfúnni oníbàárà sórí sáfà tí kò ní àtúnṣe mọ́ ń fi ara rẹ̀ sínú ewu òfin pẹ̀lú.

Ètò tuntun

Ìdánwò ìgbéga tó kẹ́yìn lórí sáfà ni 70-743, tó gbé àwọn ará 2012 dé Windows Server 2016. Nígbà tí sáfà 2019 jáde, MCSA kankan kò bá a wá. Láti ọdún 2018, Microsoft ti ń kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kúrò lórí orúkọ sáfà lọ sórí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe, pàápàá lórí Azure, ìyẹn àwọn sáfà tí Microsoft ń yá ènìyàn lò láti òkèèrè, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní cloud. Àwọn sáfà Azure tó wà ní Áfíríkà wà ní Johannesburg àti Cape Town láti Oṣù Kẹta 2019. Ní Oṣù Kejì 2020, wọ́n kéde pé MCSA àti MCSE á parí ní 30 Oṣù Kẹfà ọdún náà. Àjàkálẹ̀ kòrónà ló jẹ́ kí wọ́n sún un sí 31 Oṣù Kìn-ín-ní 2021.

Fún nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà, kò sí ìwé ẹ̀rí sáfà Microsoft tí ènìyàn lè gbà rárá. Ìdánwò AZ-800 àti AZ-801 ló wá dí àlàfo náà, àdánwò wọn bẹ̀rẹ̀ ní ìparí 2021. AZ-800 dá lórí sáfà inú ọ́fíìsì àti bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́ Azure. AZ-801 dá lórí ààbò, ìgbapadà lẹ́yìn jàǹbá, àti bí wọ́n ṣe ń kó sáfà àtijọ́ lọ sí tuntun. Kò sí ìdánwò ìgbéga sí i. Ẹni tó ní MCSE àti ẹni tí kò ní nǹkan kan jọ ń jókòó fún ìdánwò méjèèjì kan náà.

Èyí dun àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí, ó sì tọ́ kó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ètò tuntun tó sàn fún ẹni tó ń gba owó náírà ju gbogbo ohun tó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láti Oṣù Kẹfà 2021, ìwé ẹ̀rí ìpele yìí ń lo ọdún kan, ó sì ṣeé tún ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti oṣù mẹ́fà kó tó parí. Kò sí owó, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí kámẹ́rà. Ènìyàn lè ṣí ìwé wò. Ẹni tó bá já lè tún un ṣe. Fóònù àti dátà díẹ̀ ti tó láti ka ohun tí wọ́n máa béèrè, nínú ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún sí Oshòdì pàápàá. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá láì tún un ṣe ni yóò padà sí ìdánwò tó ń jẹ dọ́là.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti gba irú ọ̀nà yìí. CompTIA dẹ́kun fífún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí A+ títí ayé láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2011. Cisco kó ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀rí CCNA rẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan ní 24 Oṣù Kejì 2020, ọdún mẹ́ta ló ń lò. Ti Red Hat náà, ọdún mẹ́ta ni. Fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ cloud láì sanwó ẹ̀kọ́, ètò 3MTT tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023 ní ẹ̀kọ́ cloud nínú.

Ẹ̀yin tí MCSE tàbí MCITP yín ti wà nínú àpótí láti ìgbà yìí, ẹ má ṣe yọ ọ́ kúrò nínú ìwé tí ẹ fi ń wáṣẹ́, ẹ kọ ọdún sáfà rẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ó má tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ wá àkáǹtì àtijọ́ yín rí, ẹ tún orúkọ inú rẹ̀ ṣe kó bá ìwé ìdánimọ̀ yín mu, ẹ gba sáfà ìdánrawò tuntun sórí láǹtòpù yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ AZ-800 pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Bí sáfà ọ́fíìsì yín bá ṣì jẹ́ 2016, 12 Oṣù Kìn-ín-ní 2027 ni Microsoft sọ pé àtúnṣe rẹ̀ máa parí, ẹ tètè sọ fún ọ̀gá yín.